Àgbàdo Tí Hàmídù Ní Kí Wọ́n Jẹ

Ẹni tó bá rí Hàmídù lórí àkàbà nínú oko pesca, èso tí òyìnbó ń pè ní peach, ní Saluzzo ní Ítálì yóò rò pé abẹ́ igi yẹn ni wọ́n bí i sí. Ọwọ́ ọ̀tún á já èso, ọwọ́ òsì á gbà á, á sì tẹ́ ẹ sínú àpótí bí ẹni ń tẹ́ ọmọ sùn, torí pesca kò gba ìkanra. Ibi tí ìka bá tẹ̀ lónìí, ibẹ̀ ló máa dúdú lọ́la, Lorenzo tó ni oko kò sì ní rí i tà. Ọmọ ọdún méjìléláàádọ́ta ni Hàmídù. Oṣù mọ́kànlá nínú ọdún, magazzino kan, ilé ìkẹ́rùsí, ní Settimo Torinese ló ti ń ṣiṣẹ́, ó ń to ẹrù, ó ń fi ẹ̀rọ gbé e sínú ọkọ̀ àjàgbé. Bí oṣù kẹjọ bá dé tí wọ́n bá ti ibẹ̀ pa fún ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á gba etí òkun lọ, òun á wọ ọkọ̀ ojú irin, ó di Saluzzo.

Àìṣà ìyàwó rẹ̀ a máa sọ pé, “Bàbá Fathiyyah, ìsinmi tiyín ni kẹ́ ẹ kúrò níbi iṣẹ́ kan bọ́ sí òmíràn.”

Hàmídù á ní kì í ṣe iṣẹ́, oko ni.

Ọmọ àgbẹ̀ ni lóòótọ́. Abúlé kan lẹ́yìn Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí i sí, àgbàdo ni bàbá rẹ̀ sì ń gbìn. Nígbà ayé bàbá náà, òjò a máa pa àdéhùn mọ́. Àkọ́rọ̀ á rọ̀ nínú oṣù kẹta, wọ́n á gbin irúgbìn. Tí oṣù keje bá fi máa parí, àgbàdo ti gbó. Nínú oṣù kẹjọ, òjò á gbẹ́sẹ̀ sókè fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, oòrùn á yọ, gbogbo abúlé á ru àgbàdo lọ sórí àpáta, wọ́n á sá a títí hóró rẹ̀ á fi máa dún ṣákáṣáká bí wọ́n bá dà á lura. Ìgbà tí wọ́n bá kó o wọ àká tán ni òjò á tó padà. Kò sẹ́ni tó kọ àdéhùn yìí sínú ìwé, ṣùgbọ́n gbogbo ilé ló mọ̀ ọ́n.

Ojú Hàmídù ni àdéhùn náà ṣe bà jẹ́. Àkọ́rọ̀ á rọ̀ lẹ́ẹ̀kan bí ẹni ń tan ọmọdé, wọ́n á sáré gbìn, òjò á sì wábi gbà fún oṣù kan gbáko. Irúgbìn á jóná nínú ilẹ̀, èèrà á kó ìyókù. Wọ́n á tún un gbìn, wọ́n á tún un gbìn. Oṣù kẹjọ tó yẹ kó gbẹ, òjò á wá máa rọ̀ bí ẹni tí wọ́n bẹ̀ níṣẹ́. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: àgbàdo tí a gbìn lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó hù lẹ́ẹ̀kan, irúgbìn ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló gbé lọ, agbára ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ìkórè kan ṣoṣo ló sì mú wá, òun náà tún tutù. Ọdún mẹ́rin ni Hàmídù fi ṣe ìṣirò yìí, kò bára mu lọ́dún kan. Ó kúrò nílé. Ó gba Líbíà, ó gba orí omi, ó ṣe iṣẹ́ díẹ̀ ní Padova, ó fìdí kalẹ̀ sí Torino. Nígbà tí àwọn tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú rẹ̀ bi í pé kí ló lé e kúrò nílé, ó ní òjò ni. Ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ gbójú sókè, ó ní kó tún un sọ.

“Òjò ló kọ́kọ́ kúrò nílùú,” ni Hàmídù wí. “Èmi tẹ̀ lé e ni.”

Ó ti di ọdún mẹ́tàdínlógún. Ní Saluzzo pàápàá, ojú ọjọ́ ti yí padà lójú rẹ̀. Lorenzo ti fi àwọ̀n bo orí gbogbo igi rẹ̀ nítorí yìnyín tó ń já lu èso láìròtẹ́lẹ̀, òfin sì ti wà lásìkò ooru pé kí ẹnikẹ́ni má ṣiṣẹ́ nínú oko láti ọ̀sán gangan títí di agogo mẹ́rin, torí oòrùn ti ń dá géńdé ọkùnrin kúnlẹ̀. Lorenzo á nu òógùn, á ní ojú ọjọ́ ti ya wèrè. Hàmídù á mi orí. Ìyàtọ̀ kan ló wà tí kì í sọ fún un: bí yìnyín bá pa èso Lorenzo, ó lè kọ ìwé sí àwọn abánigbófò. Ìwé wo ni ìyá òun fẹ́ kọ?

Ọ̀rọ̀ ìyá yìí gan-an ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn lọ́dún tí à ń wí yìí. Ìyá ti lé ní àádọ́rin ọdún. Òun àti Àwáù, àbúrò Hàmídù obìnrin, ló ń dá oko bàbá wọn. Àgbàdo ọdún náà yọmọ dáadáa, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ ni òjò ò ti jẹ́ kó rí àpáta. Abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n tò ó sí, ó tutù bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ibẹ̀ náà sì ni gbogbo oúnjẹ wọn wà títí di oṣù keje ọdún tó ń bọ̀, torí ọjà ti wọ́n kọjá ohun tí àgbẹ̀ lè fọwọ́ kàn. Bí àgbàdo yẹn bá bà jẹ́, ilé náà kò ní nǹkan kan. Hàmídù kò tíì fojú kan ìyá rẹ̀ láti ọdún méje. Oṣù kejìlá ló fẹ́ lọ, gbogbo ọjọ́ tó bá lò lórí àkàbà Lorenzo, tíkẹ́ẹ̀tì oṣù kejìlá ló ń já.

Ọ̀sán ọjọ́ kan tí wọ́n sinmi sábẹ́ igi, fóònù rẹ̀ gbọ̀n. Àwáù ni. Fóònù kékeré alátọ́ọ̀ṣì ni Àwáù ń lò, kò gba àwòrán, kò gba ohùn tí a ká sílẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ àpáta nìkan sì ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà lábúlé, ibẹ̀ náà, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni ọ̀rọ̀ ẹnu máa ń já gaara. Àtẹ̀ránṣẹ́ ló ń fi ránṣẹ́, bó sì ṣe ń kọ ọ́ náà ni gbogbo wa ń kọ ọ́ lórí fóònù, láìfi àmì kan sórí ọ̀rọ̀ kan. Ohun tó kọ nìyí:

“Egbon agbado ti ni oorun o. Ki la fe se si?”

Hàmídù kà á lẹ́ẹ̀kan, eyín rẹ̀ yọ.

Yunus, ọmọ Ìwó kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, tí òun àti Hàmídù jọ ń pín àkàbà, yọrùn wò ó. “Ẹ̀gbọ́n, kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín? Ṣé wọ́n ti sọ yín di ọmọ Ítálì ni?”

“Ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àgbàdo wa ti rí oòrùn.”

“Àgbàdo! Ẹ̀yin àti àgbàdo yìí. Ẹ jókòó sábẹ́ igi eléso, àgbàdo lẹ̀ ń lá lálàá.”

“Kí ni ìwọ mọ̀? Búrẹ́dì ni wọ́n fi wẹ̀ ẹ́ nígbà tí wọ́n bí ẹ.”

“Búrẹ́dì ò kúkú ṣe mí ní nǹkan kan. Ẹ wo bí mo ṣe ń dán.”

Hàmídù ò dá a lóhùn mọ́, ó ti ń tẹ èsì. Ó kọ ọ́ báyìí: “Alhamdulilahi. E yin in, e ko si aka, e maa je.” Nígbà tó dé ìparí, ó dúró, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì fi han Yunus.

“Ṣé o rí ‘maa’ yẹn? A méjì ni mo fi sí i. Tó bá ṣe pé ọ̀kan ni, wọ́n lè kà á sí ‘ẹ má jẹ.’ Àgbà ní í mọ̀ ọ́n kọ.”

“Ẹ kú ọgbọ́n, alàgbà,” ni Yunus wí, ó da fìlà bojú, ó sùn lọ.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Hàmídù padà sí Settimo, ara rẹ̀ yá. Ó bá magazzino níbi tó fi í sí. Ó sọ fún Àìṣà pé Ọlọ́run ti bá àwọn ṣe ọ̀rọ̀ oúnjẹ ilé, ó kù kí òun bẹ̀rẹ̀ sí í wo iye tí wọ́n ń wọ ọkọ̀ òfurufú.

Àárọ̀ Sátidé kan láàárín oṣù kẹsàn-án ni Àwáù pè. Pípè tó pè fúnra rẹ̀ ti tó láti já èèyàn láyà.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jáyà o.”

Hàmídù jókòó. “Kí ló ṣẹlẹ̀?”

“Ìyá ni. A ti gbé wọn wá sí ọsibítù níbí, ní Ìsẹ́yìn. Láti Wẹ́sìdeè ni wọ́n ti ń bì. Ikùn wọn wú, ẹyin ojú wọn sì ti di yẹ́lò. Dókítà ní ẹ̀dọ̀ ló ń yọ wọ́n lẹ́nu.”

Àìṣà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ni. Ilé àwọn arúgbó kan ló ti ń tọ́jú èèyàn, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sì dá lórí ohun tí arúgbó ń jẹ àti ohun tí kò gbọdọ̀ jẹ. Ó ju àpò sílẹ̀, ó ṣẹ́wọ́ sí ọkọ rẹ̀ pé kó jẹ́ kí òun náà gbọ́.

“Àǹtí Àwáù, ẹ kú ìtọ́jú. Kí ni Ìyá ti ń jẹ?”

“Ìyàwó wa, àgbàdo náà ni. Ẹ̀gbo lónìí, ẹ̀kọ lọ́la. Kí ló tún kù?”

“Ṣé kò bu?”

“Ó bu mọ̀! Ó ní nǹkan bí eruku aláwọ̀ ewé lára. Mo ṣáà kọ ọ́ sí Ẹ̀gbọ́n pé ó ti ní òórùn. Àwọn ni wọ́n ní ká yin ín, ká kó o sí àká, ká máa jẹ ẹ́.”

Hàmídù dìde láìmọ̀ pé òun dìde. “Òórùn kẹ̀? Àwáù, oòrùn lo kọ!”

“Òórùn ni mo kọ, Ẹ̀gbọ́n. Oòrùn wo? Èyí tí a ò fojú kàn dáadáa láti ìgbà Iléyá? Ẹ̀rù ń bà mí lẹ́ẹ̀kan ṣá, mo wá ní ẹ̀yin lẹ ń bá bàbá ṣe àgbàdo, ẹ̀yin lẹ sì wà lọ́hùn-ún tí ojú ti là. Tẹ́ ẹ bá ní ká jẹ ẹ́, ta ni èmi tó máa ní ká má jẹ ẹ́?”

Ẹyin lohùn, àwọn àgbà ti wí, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Èyí tó kọ sílẹ̀ wá ńkọ́?

Fathiyyah, ọmọ wọn ọlọ́dún mẹ́tàlá, ń ṣe iṣẹ́ ilé ìwé rẹ̀ lórí tábìlì. Ó gba fóònù lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó wá àtẹ̀ránṣẹ́ náà rí, ó kà á. “Papà, ma dov'è l'accento?” Ó ń bi í pé àmì orí ọ̀rọ̀ dà. Nílé ìwé tirẹ̀, lẹ́tà “e” tí kò lámì lórí àti “è” tó lámì, ọ̀tọ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, olùkọ́ wọn sì máa ń gé máàkì ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀. Ó tún wo èsì tí bàbá rẹ̀ kọ, ó nàka sí i. “E qui invece hai messo due a.”

Bẹ́ẹ̀ ni, a méjì. Ilẹ̀kùn ló tì gbọn-in, ó ṣí fèrèsé sílẹ̀.

“Ó ti tó, Fátì, lọ kàwé rẹ,” ni Àìṣà wí jẹ́jẹ́. Ó wá yíjú sí fóònù. “Àǹtí, ẹ gbọ́ o. Nǹkan aláwọ̀ ewé yẹn, májèlé ló ń tú sínú hóró. Fífọ̀ ò lè mú un kúrò, sísè ò lè pa á. Ẹ sọ fún dókítà pé àgbàdo tó bu ni Ìyá ń jẹ. Ẹ sọ ọ́ nísinsìnyí. Ẹ̀yin náà, ẹ má fi kan ẹnu mọ́.”

Àwáù sọ ọ́ fún dókítà. Wọ́n ṣe ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Ọjọ́ kẹrin, èébì dá. Ọjọ́ kẹwàá, ikùn wálẹ̀. Nígbà tó máa fi pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Ìyá ti ń bá nọ́ọ̀sì jà pé omi ọ̀rá wọn ò dùn, ojú rẹ̀ sì ti ń funfun padà. Dókítà ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé, ṣùgbọ́n ó kì wọ́n nílọ̀: ẹ̀dọ̀ náà kò lè gba irú ìyà bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Ilé kọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀ parí sí. Àpò àgbàdo mẹ́fà ṣì wà nínú àká. Hàmídù ní kí wọ́n rì í mọ́lẹ̀. Àwáù ní òun ti sọ bẹ́ẹ̀ fún Ìyá, Ìyá sì ti gbé àga síwájú ilẹ̀kùn àká, ó jókòó tì í. Ó ti ní kí ọmọ àwọn aládùúgbò bá òun bù ú wá sínú ìkòkò. Bí ó bá tún sè é jẹ lẹ́ẹ̀kejì, a gbọ́ ohun tí dókítà wí.

“Lọ mú Ìyá wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta,” ni Hàmídù wí. “Gbé fóònù fún wọn, kí n lè gbóhùn wọn.”

Ìsinmi ọ̀sán ni, ní Settimo. Ó dúró sẹ́yìn magazzino níbi tí àwọn ọkọ̀ àjàgbé ń gúnlẹ̀ sí. Ohùn Ìyá dé, ó tínrín, ó sì le, oríkì ọmọ rẹ̀ ló fi pè é.

“Àkànní. Ìwọ lo ní kí n da oúnjẹ nù?”

“Mo ní kẹ́ ẹ rì í mọ́lẹ̀ ni, Ìyá. Kì í ṣe oúnjẹ mọ́.”

“Nígbà tí mo lóyún rẹ, òjò ò rọ̀. Ṣé o mọ ohun tí mo jẹ? A wú ihò èèrà ni. A kó hóró tí èèrà jí kó pamọ́, a fọ̀ ọ́, a sè é. Ohun tí mo fi gbé ọ ró nìyẹn. Ìwọ ni wàá wá ní kí n gbẹ́ ilẹ̀ kí n da àpò mẹ́fà sí i? Fún èèrà?”

“Dókítà ní òun ló fẹ́ pa yín.”

“Dókítà wo? Èyí tí ìgbálẹ̀ mi jù lọ́jọ́ orí? Ibà ni. Ọlọ́run sì ti wò ó. Màá fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, màá rẹ ẹ́ sómi gbígbóná, màá sè é títí. Kí ni iná ò lè pa?”

Hàmídù mọ̀ pé a kì í fi agbára já nǹkan gbà lọ́wọ́ ẹni tí ebi ti rí lójú. Ó gba ọ̀nà mìíràn. “Ìyá, adìyẹ yín ńkọ́?”

“Lùkúlùkú pa mẹ́rin.”

“Ṣé ó pa ti àwọn aládùúgbò?”

“Kò pa tiwọn.”

“Kí ni tiyín ń jẹ?”

“Èyí tí a gbá nílẹ̀ lára àgbàdo náà ni,” ni Ìyá wí. Ó tún gbé ohùn sókè. “Ṣùgbọ́n adìyẹ ò sè é kí wọ́n tó jẹ ẹ́, Àkànní! Tútù ni wọ́n jẹ ẹ́!”

Bí kì í bá ṣe pé ọ̀rọ̀ náà le, Hàmídù ì bá rẹ́rìn-ín. Ohun kan ṣoṣo ló wá kù lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà ló sì ti ń sá fún láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

“Ìyá, ta ni wọ́n ní ó ní kẹ́ ẹ jẹ àgbàdo yẹn?”

“Àwáù ni. Ó ní òun lòun sè é.”

Àwáù ò tíì sọ fún un. Ó ti ru ẹrù náà sórí ara rẹ̀ láti ọjọ́ yìí.

“Kì í ṣe Àwáù. Èmi ni. Ó kọ̀wé sí mi pé ó ti ní òórùn, mo kà á sí oòrùn. Mo ní ẹ kó o wọ àká, mo ní kẹ́ ẹ máa jẹ ẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi lẹ tẹ̀ lé tẹ́ ẹ fi jẹ ẹ́, Ìyá. Ẹ dárí jì mí.”

Afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́ àpáta ń fẹ́ wọnú fóònù. Hàmídù rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti já.

“Oòrùn,” ni Ìyá wí. “Lẹ́nu oṣù kẹjọ tí a ò rí aṣọ wọ̀ tó gbẹ.” Ó mí kanlẹ̀. “O ti pẹ́ lẹ́yìn odi jù, ọmọ mi. O ò mọ bí ibí ṣe rí mọ́.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá.”

“Tí mi ò bá jẹ ẹ́, kí ni n óò jẹ? Afẹ́fẹ́?”

“Ẹ̀gẹ́. Oko Bàbá Olókè tó wà lódìkejì odò, mo ti bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. A ti ra ẹ̀gẹ́ orí ilẹ̀ náà. Yóò máa wú u fún Àwáù díẹ̀díẹ̀, Àwáù á máa ṣe é ní láfún. Nínú ilẹ̀ ni ẹ̀gẹ́ ń gbé títí a ó fi nílò rẹ̀, kì í dúró de oṣù kẹjọ. Ẹ̀wà náà wà níbẹ̀, àpò kan, gbígbẹ. Ó máa gbé yín dé ìkórè.”

“Níbo lo ti rówó?”

“Oṣù kejìlá tí mo ní mò ń bọ̀, Ìyá. Mi ò wá mọ́.”

Ohùn Ìyá rọ̀. “O ò bi mí kó o tó ṣe é. Tó o bá bi mí, ǹ bá ní kó o wá. Rírí ojú rẹ ni ǹ bá yàn.”

“Mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi bi yín.”

Capo, ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́, yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó nàka sí aago ọwọ́ rẹ̀. Hàmídù gbé ìka kan sókè, ó bẹ̀ ẹ́ ní ìṣẹ́jú kan.

“Gbọ́,” ni Ìyá wí. “Ẹni tó bá fi ẹnu rẹ̀ ní kí n jẹ, òun náà ni kó fi ẹnu rẹ̀ ní kí n má jẹ. Wí i.”

“Ìyá, ẹ má jẹ ẹ́.”

“Mo gbọ́. Mo ń lọ síbi àga mi, mo fẹ́ gbé e kúrò.”

Wọ́n gbẹ́ kòtò náà sẹ́yìn àká, ó jìn tó ìbàdí, kí ewúrẹ́ má baà fẹsẹ̀ wa á. Bí wọ́n ṣe ń dà á sí i, ìyá kan tó ń fi ẹ̀kọ ṣòwò nítòsí dé, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n ta á fún òun lówó pọ́ọ́kú, òun á pò ó mọ́ èyí tó dáa, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Àwáù ló ròyìn èyí fún Hàmídù lẹ́yìn náà. Ó ní òun ti ń rò ó nínú ara òun, torí owó lowó ń jẹ́. Ìyá ni kò jẹ́ kí òun rò ó tán. Ó fi ọ̀pá lé obìnrin náà títí dé ìdí máńgòrò.

“Ohun tí n ò ní jẹ, n ò ní tà á fún ọmọ ọlọ́mọ! Lọ wá ẹ̀dọ̀ ẹlòmíràn jẹ!”

Láti ọjọ́ náà ni Ìyá ti ń wọlé onílé. Á ní kí wọ́n ṣí àpò àgbàdo wọn, á fi imú sí i, á kó hóró sọ́wọ́, á wò ó lójú oòrùn. Ilé méjì gbà, wọ́n rì í mọ́lẹ̀ bíi tirẹ̀. Àwọn mìíràn ní arúgbó náà ti ń ṣarán. Ilé kan fọ̀ ọ́, wọ́n sì jẹ ẹ́, kò tíì sí ohun tó ṣe wọ́n, ìyẹn sì ń da ẹjọ́ Ìyá rú nígbà míràn. A kò lè bá gbogbo ayé jà. Kì í ṣe gbogbo ilé ló ní ẹni tó wà ní Settimo, ohun tó wà nínú àká nìkan ni ọ̀pọ̀ wọn ní láti jẹ.

Hàmídù àti Àwáù tún ọ̀rọ̀ ìwé kíkọ ṣe. Fóònù alátọ́ọ̀ṣì ò ní àmì, ẹ jẹ́ ká má tan ara wa. Àdéhùn tí wọ́n ṣe ni pé “oorun oke” ni èyí tó ń ràn, “oorun imu” ni èyí tó ń rùn, “oorun oju” ni èyí tí a ń sùn. Ó gba ọ̀rọ̀ kan sí i, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n tún pinnu pé lọ́dún tó ń bọ̀, ìdajì oko ni wọ́n máa gbin àgbàdo sí, ẹ̀gẹ́ á gba ìdajì. Wọ́n á sì kan pèpéle igi gíga fún sísá àgbàdo, pẹ̀lú tapólì tó nípọn lórí rẹ̀, kí òjò tó bá ya ẹlẹ́tàn má baà bá a nílẹ̀. Yunus gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu Hàmídù, ó gbé owó tapólì wá láìsọ ẹ̀fẹ̀ kan, àfìgbà tó fẹ́ lọ tó ní, “Ẹ̀gbọ́n, tí mo bá kọ̀wé sí yín lọ́jọ́ kan, ẹ pè mí padà o, kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun.”

Oṣù kejìlá dé, ó kọjá. Hàmídù ṣe ọ̀sẹ̀ méjì tó yẹ kó fi lọ sílé nínú magazzino, nínú ìkuukùu tí kò jẹ́ kí èèyàn rí òdìkejì títì. Àìṣà kàn ń dín dòdò fún un lójoojúmọ́.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan nínú oṣù kìn-ín-ní, Àwáù pè láti ẹ̀gbẹ́ àpáta, níbi tó gbé oúnjẹ ọ̀sán wá bá Ìyá. Ìyá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀.

“Àkànní, láfún tó o rà yìí, ṣé bàtà sójà ni?”

“Kí ló ṣe é, Ìyá?”

“Ó le. Kò ní adùn kankan. Láfún tí ìyá mi máa ń rò, ó ń yọ̀ lọ́nà ọ̀fun ni, èyí ń dúró gbèjọ́. Ọmọ Bàbá Olókè yẹn, ẹ̀gẹ́ tó darúgbó ló ń wú fún wa, jìbìtì ni.”

“Màá bá a sọ̀rọ̀.”

“Bá a sọ̀rọ̀ gidi. Ọbẹ̀ náà, Àwáù ò fi iyọ̀ sí i, ó ní nọ́ọ̀sì ló sọ bẹ́ẹ̀. Ta ni nọ́ọ̀sì? Ṣé ilé mi ló ń gbé? Ìyàwó mi ńkọ́? Fátì ńkọ́, ṣé ó ti gbọ́ Yorùbá?”

“Ó ń gbọ́ ọ, Ìyá. Kì í fẹ́ sọ ọ́ ni.”

“Kó máa gbọ́ ọ ná. Ojú mi ti funfun, Àwáù á sọ fún ẹ. Ìgbà wo lo ń bọ̀?”

“Ọdún tó ń bọ̀. Ìnṣà Álláhù.”

“Màá wà níbẹ̀,” ni Ìyá wí. Hàmídù gbọ́ tí àwo kan lu òmíràn. Ó fẹ́ tún sọ̀rọ̀, Ìyá dá a dúró. “Dákẹ́ ná, jẹ́ kí n jẹun. Àwáù! Kí lo ń fi síbẹ̀ yẹn, ẹyẹ lo fẹ́ bọ́? Bù kún un!”